Ilé ò tutù lóru mọ́ láti ìgbà tí gbogbo àdúgbò ti di sìmẹ́ńtì: igi wo la ó gbìn, ibo la ó gbìn ín sí?

OníléAkóbọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa igi àti ilé kíkọ́. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni, ní Akóbọ̀, Ìbàdàn. Ilẹ̀ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ojú ilé kọ sí ìwọ̀ oòrùn. Pánù tó ti ń dípẹtà ló wà lórí rẹ̀, sílìn PVC ló wà lábẹ́ pánù. Láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìnkùlé, ìńtálọ́ọ̀kì ni gbogbo rẹ̀, fẹ́ńsì sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8.

Nígbà tí àwọn pulọ́ọ̀tì tó yí ilé ká ṣì jẹ́ igbó, ara ti máa ń tuni tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wọ́n ti kọ́ gbogbo rẹ̀ tán báyìí, wọ́n sì ti gé àwọn igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ títì. Nínú oṣù Kẹta yìí, tẹmómítà ń ka 33°C nínú yàrá iwájú ní aago mọ́kànlá alẹ́, ti ìta sì ń ka 28.

Igi wo ló lè ṣe ibòòji láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta tí kò ní í fọ́ ìpìlẹ̀ ilé? Ṣé dandan ni ká hú gbogbo ìńtálọ́ọ̀kì? Àwọn kan ní ká kun pánù ní ọ̀dà funfun, àwọn kan ní ká ra ẹ̀rọ amúlétutù ká yé da ara wa láàmú. Owó tó wà nílẹ̀ ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sọ́kàwéè wà ní ẹ̀yìnkùlé. Wáyà NEPA gba ojú títì kọjá, kò wọ inú ọgbà.

Yàwòrán_Ilé

Ẹ kúulé o. Kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ooru yẹn ti ń wá, torí ooru ọ̀sán àti ooru òru kì í ṣe ọ̀kan náà.

Pánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ó máa ń gbóná burúkú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan tí oòrùn bá wọ̀, ó ti tutù. Búlọ́ọ̀kù ò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù 9 ínǹṣì tí wọ́n rẹ́ tinú-tìta máa ń gbà tó wákàtí 5 sí 7 kí ooru tó gba inú rẹ̀ kọjá. Oòrùn ń lu ògiri iwájú ilé yín láti nǹkan bí aago méjì ọ̀sán títí di àṣálẹ́, nítorí náà láàárín aago mẹ́jọ alẹ́ sí ọ̀gànjọ́ ni ooru yẹn ń dé inú yàrá. Ìńtálọ́ọ̀kì tó wà níwájú ògiri náà ń dá kún un: ó ń mu oòrùn ní ọ̀sán, ó sì ń pọ̀ ọ́ jáde lójú fèrèsé tí ẹ ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri iwájú láti inú yàrá, ẹ lọ kan ògiri tó kọ sí àríwá, lẹ́yìn náà ẹ gun àga kẹ́ ẹ kan sílìn. Tó bá jẹ́ ògiri iwájú ló gbóná jù, ibòòji lẹ máa kọ́kọ́ wá fún un. Tó bá jẹ́ sílìn ni, ooru ti há sábẹ́ pánù, kò rí ibi gbà jáde, òrùlé lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbọn tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà lára èèyàn, ẹ má fi wo ògiri, kò lè ka ohun tó gbóná púpọ̀. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń lò lẹ máa fi ṣe é, kẹ́ ẹ sì má gba ohun tó bá kà lára pánù tó ń dán gbọ́. Á sọ pé pánù tutù nígbà tó jẹ́ pé ẹyin lè dín lórí rẹ̀.

Ẹ fi tẹmómítà ìta sábẹ́ ibòòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sílẹ̀, kó má fara kan ògiri. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ògiri iwájú, ooru ògiri lẹ ń kà.

Ilé onídẹ́kìn yàtọ̀ o. Kọnkéré orí dẹ́kìn máa ń mú ooru pamọ́ bíi ti ògiri, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ lé àwọn tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ lórí títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ẹni tó bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, kó má fi òrùlé ṣe ìkẹyìn.

Ọlọ́gbà_Mọ́níyà

Ọ̀rọ̀ igi: ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn ni o, kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti ṣófo. Oòrùn ọ̀sán gangan dúró lé òrùlé lórí ní ìlú wa, igi kò lè rí nǹkan kan ṣe sí ìyẹn àfi tó bá ga ju ilé lọ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń rọ̀ wálẹ̀ ni igi ń bá wa dènà. Tó bá ti di aago márùn-ún nínú oṣù Kẹta, òjìji igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Igi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí wọ́n gbìn sí ẹsẹ̀ bàtà 13 sí ògiri, lè bo ògiri ilé ilẹ̀ látòkè délẹ̀ ní àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n kí aago mẹ́ta tó kọjá, oòrùn ṣì wà lókè, nítorí náà igi tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n dá igi másíkúrédì lábàá, igi gbọọrọ tí gbogbo ẹ̀sítéètì ń tò bí ológun yẹn. Ẹwà ló wà fún, ibòòji rẹ̀ kò tó ẹni méjì jókòó sí.

Máńgòrò tí wọ́n lọ́ (ìyẹn èyí tí wọ́n so ẹ̀ka máńgòrò mìíràn mọ́ ìdí rẹ̀) ni mo máa fi ṣáájú fún ilẹ̀ tó tó ti yín. Ewé rẹ̀ kì í re tán nígbà kankan, ó ki, ẹ sì lè máa gé e kó má kọjá ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 18. Tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni èso tó ń já lu ọkọ̀ àti eṣinṣin tó ń tẹ̀lé e, nítorí náà ẹ má gbìn ín síbi tẹ́ ẹ ń gbé ọkọ̀ sí.

Igi fúrúùtù yára, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń tẹ́ bí agboòrùn, ṣùgbọ́n ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an ló máa ń pọ́n ewé tí á sì wọ́ ọ dànù. Nígbà tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀ jù, ó lè wà níhòòhò fún ìgbà díẹ̀. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ní ewé wẹ́wẹ́, tó ń yọ ẹ̀ka ní ìpele-ìpele, tí àwọn ọlọ́gbà ń pè ní mantaly, sàn jù ú lọ nínú ọgbà kékeré. Dóńgóyárò kò ní í kú bí òjò ò bá tilẹ̀ rọ̀, ó sì yára, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri. Tó bá rí ibi tí sọ́kàwéè ti sán, á wọlé. Àgbalùmọ̀ dára, ó kàn ń falẹ̀ ni. Ọdán ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ojú ọjà àti iwájú ààfin tí àwọn baba wa ń gbìn ín sí. Lórí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50, á gbé fẹ́ńsì yín dìde.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ìpìlẹ̀ fún igi kékeré, 20 fún èyí tó máa di ńlá, kó sì jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí sọ́kàwéè.

Títí igi yóò fi dàgbà, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta sí ojú ilé. Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ẹ ti ní ewé tó bo fèrèsé. Ẹ darí omi ìwẹ̀ tàbí omi ìfọṣọ sí i lára, kò kọ̀ ọ́, àfi tí omi náà bá ní oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun (bùlíìṣì) nínú. Ìjì ló ń bá a jà, nítorí náà ẹ fi ọ̀pá ti èyí tó bá so.

Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà, ni kẹ́ ẹ gbin igi gangan. Èyí tí wọ́n bá gbìn nínú oṣù Kẹsàn-án kì í rí àyè ta gbòǹgbò kí ọ̀yẹ́ tó dé. Ẹ má ra igi tó ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá dúdú. Ẹ tú ọ̀rá náà wò: tí gbòǹgbò bá ti lọ́ yí ìdí ká bí okùn kànga, ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní òró ní ibi mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbìn ín, tàbí kẹ́ ẹ kúkú dá a padà fún ẹni tó tà á. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni ìjì ń fà tu ní ọdún kẹfà, táwọn èèyàn á wá máa sọ pé igi léwu.

Bírìkìlà_Gbámú

Mi ò ta ko igi, ṣùgbọ́n ibi tó máa dúró sí ló kù tí ẹ ò tíì sọ. Tí ẹ bá kàn yọ búlọ́ọ̀kù ìńtálọ́ọ̀kì mẹ́rin, tí ẹ gbẹ́ ihò tó gba ọ̀rá igi, tí ẹ sì fi igi sí i, inú ìkòkò lẹ gbìn ín sí yẹn. Abẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì, sitóòn-dọ́ọ̀sì (eruku òkúta) ni, lábẹ́ ìyẹn amọ̀ pupa tí ẹ̀rọ ti gún mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò ò lè la á. Á dé ògiri ihò, á yí padà, tó bá ṣe ọdún méjì igi á dúró sójú kan, ewé tuntun á máa yọ ní pupa rúsúrúsú, kìkì iṣan ewé ló máa wà ní àwọ̀ ewé. Ìyẹn tún máa ń ṣẹlẹ̀ tí àṣẹ́kù sìmẹ́ńtì bá pọ̀ nínú ilẹ̀, torí kì í jẹ́ kí igi rí irin inú ilẹ̀ mu. Ẹ̀ ń fi ajílẹ̀ kún ajílẹ̀, kò ní í gbọ́.

Dandan kọ́ ni kẹ́ ẹ hú gbogbo rẹ̀. Ibi tí táyà ń tẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń rìn, ẹ fi sílẹ̀. Fún igi kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4, kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Tí ẹ bá lè so ibi méjì pọ̀ di ojú ilẹ̀ gbọọrọ kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì iwájú, ó tún dára jù, gbòǹgbò á rí ibi sá lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ẹ fi òòlù àti ṣísù fọ́ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ (ìyẹn ti lọ nìyẹn, ẹ má da ara yín láàmú lórí rẹ̀), lẹ́yìn náà ẹ fi irin pẹrẹsẹ máa gbé àwọn yòókù sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fọ́ tí ẹ ò bá kánjú. Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dá etí ibi tí ẹ ṣí dúró: kọnkéré sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, tó fẹ̀ tó ínǹṣì 4, tó jìn tó ínǹṣì 6, kó bá ojú ìńtálọ́ọ̀kì dọ́gba. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, tó bá di òjò kejì, ìńtálọ́ọ̀kì tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sápá kan, á rì níbi tí táyà bá tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré náà gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ẹ gbẹ́ sitóòn-dọ́ọ̀sì àti amọ̀ náà jáde tán, ẹ fi dígà tú ìsàlẹ̀ ihò, kẹ́ ẹ da omi kún un. Tí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ yẹn kì í fa omi, ẹ máa gbé igi sórí ebè kékeré nínú rẹ̀. Ihò tó tó báyìí á gba ilẹ̀dú tó bárò 14. Bárò 3 nínú rẹ̀ lè jẹ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà tán, tí kò rùn mọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ adìẹ á jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ rẹ̀ fi ínǹṣì 2 lọ sílẹ̀ ju ìńtálọ́ọ̀kì lọ, kí omi òjò lè ṣàn wọ inú rẹ̀ dípò kó máa wá ọ̀nà gọ́tà.

OníléAkóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo kan ògiri wò bí Yàwòrán_Ilé ṣe wí. Ògiri iwájú ló gbóná jù, sílìn náà sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù omi ló ń bà mí ní ti ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí. Ìńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n ní kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀ nígbà òjò. Ta ló sì máa bá wa bomi rin igi nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí kànga gan-an ń gbẹ?

Bírìkìlà_Gbámú

Omi ni ìńtálọ́ọ̀kì ń lé, kì í gbé e mì. Ẹ ṣírò rẹ̀: òjò mìlímítà 50 kan ṣoṣo tó bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà níbùú lóròó, 5,000 lítà nìyẹn. Ibo ló ń lọ? Títì, gọ́tà, odò. Gbogbo pulọ́ọ̀tì tó wà ní òkè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀. Ìbàdàn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ omíyalé: ti Ògùnpa ọdún 1980 wà nínú ìtàn, ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011 náà ò tíì pẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ ṣí á gba díẹ̀ nínú rẹ̀ mu. Ẹ kàn rí i dájú pé ibi tí ẹ ṣí kò sún mọ́ ìpìlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kí ilẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, kì í ṣe sí ara ilé. Ti ẹrẹ̀, koríko tàbí ewé gbígbẹ tí ẹ bá tẹ́ lé e kì í jẹ́ kó ta sí ògiri.

Ọlọ́gbà_Mọ́níyà

Ti omi rírin: kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Ẹ fi ìṣó tó tín-ín-rín jù lọ lu ihò kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí igi, ẹ bu omi kún un, ẹ tú ìdérí díẹ̀. Omi tó kún inú rẹ̀ yẹ kó gba wákàtí mélòó kan kó tó tán. Tó bá tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ihò ti tóbi jù, omi náà á ṣàn lórí ilẹ̀ lọ, gbòǹgbò ò ní í rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí òjò yóò fi dé, fún ọ̀gbẹlẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn máńgòrò á máa wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ lè wọ inú kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ kàn sẹ́ ẹ kó má dí ihò.

Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi sí ìdí rẹ̀ kó nípọn tó ínǹṣì 3, ṣùgbọ́n kó fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ara igi. Èyí tó bá kan ara igi máa ń mú un jẹrà, ikán á sì fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà. Ewúrẹ́ ńkọ́? Tí géètì yín bá máa ń ṣí sílẹ̀, ẹ fi ọ̀pá oparun mẹ́rin àti nẹ́ẹ̀tì yí i ká kẹ́ ẹ tó lọ sùn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbìn ín. Kì í dúró di ọ̀la.

Yàwòrán_Ilé

Ó dáa, ẹ jẹ́ n wá sí orí sílìn. Ẹ má kun pánù kẹ́ ẹ tó fún abẹ́ rẹ̀ ní afẹ́fẹ́, torí afẹ́fẹ́ ló dínwó jù. Ẹ bẹ káfíńtà kó ṣí ojú ihò sí abẹ́ ìmú òrùlé yí ilé ká, kó tún ṣí méjì sí òkè, ní igun onígun mẹ́ta òrùlé lápá méjèèjì. Tí ẹ bá ro gbogbo ojú ihò náà pọ̀, kó tó ìdá kan nínú 150 bí sílìn ṣe fẹ̀. Fún sílìn 120 mítà níbùú lóròó, ìyẹn jẹ́ 0.8 mítà níbùú lóròó. Kí ìdajì wà nísàlẹ̀, ìdajì lókè: afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde, tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe dandan níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àdán á fi ibẹ̀ ṣe ilé, òórùn rẹ̀ kì í sì tán bọ̀rọ̀.

Tó bá wá kan ọ̀dà: funfun ni, kì í ṣe aláwọ̀ fàdákà. Ti fàdákà máa ń dá oòrùn padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó bá ti mú, kì í fẹ́ tú u sílẹ̀, nítorí náà ó ṣì máa ń gbóná ju funfun lọ. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún òrùlé lè dá oòrùn tó ju ìdá méje nínú mẹ́wàá padà nígbà tó ṣì mọ́. Pánù tó ti dípẹtà ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mì.

Ọ̀dà emọ́ṣọ̀n inú ilé á bó kí ọdún tó yípo. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpẹtà, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa tí wọ́n ń lò fún irin kun ibi tó dípẹtà, lẹ́yìn náà ẹ fi funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Lítà kan á kun nǹkan bí mítà 5 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà òrùlé 120 mítà á gbà tó 50 lítà fún ìgbà méjèèjì, ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí ìgbì pánù. Àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n kùn ún. Tí pánù bá ti gbóná, ọ̀dà á gbẹ lójú kó tó dì mọ́ ọn, á sì bó bí awọ ejò. Ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ Ìkọkànlá ló dára jù, òjò ti ń lọ, eruku ọ̀yẹ́ ò tíì dé. Ẹni tó ń kùn ún gbọ́dọ̀ máa tẹ orí ìlà ìṣó, níbi tí igi wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ògbólógbòó asibẹ́sítọ̀ ló wà lórí ilé, ẹ má họ ọ́ rárá, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ wo fèrèsé náà. Èyí tó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ, nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí tún ń gba díẹ̀ lára ìdajì yẹn. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù nígbà ọ̀yẹ́. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ẹ ti fèrèsé ojú ilé kẹ́ ẹ sì ta kọ́tìnì. Tó bá ti di alẹ́, ẹ ṣí i pẹ̀lú èyí tó kọjú sí i lẹ́yìn. Fáànù tí wọ́n gbé sẹ́nu fèrèsé, kó máa fẹ́ síta, á lé ooru inú yàrá jáde kíákíá ju èyí tó ń da ooru kan náà rú lórí ibùsùn lọ.

Amúlétutù náà kò burú, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣì ń gba oòrùn, owó iná lẹ óò máa san fún ooru tí igi ì bá ti dá dúró. Ó tún ń tú ooru yàrá yín sí ojú fèrèsé aládùúgbò.

Nọ́ọ̀sì_Agbègbè

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe ń tún ilé ṣe, ẹ máa ṣọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Òógùn tó ń gbẹ lára ló ń mú ara tutù. Nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, òógùn kì í gbẹ, nítorí náà 34°C ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè ni èèyàn lára ju 40 tí kò ní ọ̀rinrin lọ ní òkè ọya. Àwọn àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú wọn tọ̀, ara wọn tètè ń gbẹ. Kí wọ́n má dá oògùn náà dúró fúnra wọn, kí wọ́n bi dókítà léèrè bó ṣe yẹ kí wọ́n mumi.

Ẹni tí ara rẹ̀ ń jó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kántankàntan tàbí tó ṣubú, ẹ má dúró bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ gbé e síbi ibòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má rọ omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Nǹkan kan tún wà. Nígbà tí ooru bá mú tí NEPA sì múná lọ, àwọn èèyàn máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí fáànù lè ṣiṣẹ́ mọ́jú. Èéfín rẹ̀ tó lè pani kò lóòórùn, inú fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ ló sì ń gbà wọlé. Ẹ gbé e jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín kọ̀yìn sí ilé.

Akọ̀wé_Lándílọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ará, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dára fún ilé kan. Àdúgbò ńkọ́? Igi tuntun mẹ́wàá kò tíì lè ṣe iṣẹ́ máńgòrò àtijọ́ kan. Lítà omi kan tó bá ti ara ewé gbẹ, ooru tó gbé lọ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta yúníìtì iná, igi ńlá tó ń rí omi mu sì lè tú ju 100 lítà lọ lóòjọ́. Nítorí náà kí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá igi tó wà nílẹ̀ sí.

Nígbà tí katapílà bá ń bọ̀ wá tú pulọ́ọ̀tì, ẹ ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí igi tó wà ní àyè tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ńsì. Ibẹ̀ kò ní í gba ilé tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń tú u dànù nítorí pé ó rọ awakọ̀ lọ́rùn ni. Kí wọ́n má da amọ̀ lé ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ tó ga ju ínǹṣì 6 lọ lórí gbòǹgbò máa ń fún un lọ́rùn. Kì í kú lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọdún méjì kó tó gbẹ, wọ́n á wá ní ayé ló bà á jẹ́. Bákan náà ni kọnkéré tí wọ́n dà yí ìdí igi ká láti fi ṣe ìjókòó. Lábẹ́ wáyà iná, ẹ má gbin ohun tó máa ga ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ iná á máa bẹ́ ẹ lórí lọ́dọọdún, ibi tí wọ́n bá bẹ́ á sì jẹrà wọnú. Tó bá jẹ́ Èkó ni, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọgbà àti igi, kẹ́ ẹ tó gé igi.

Ẹni tó bá fẹ́ ìwọ̀n tó máa gbé lọ sí ìpàdé, onímọ̀ igbó ìlú kan, Cecil Konijnendijk, gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní 2021: kí ẹnikẹ́ni lè rí igi 3 láti fèrèsé rẹ̀, kí ibòòji igi bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò, kí ọgbà ìgbafẹ́ má jìnnà ju 300 mítà lọ sí ilé. Ẹ gbé àwòrán Akóbọ̀ látojú òfuurufú jáde lórí Google Maps kẹ́ ẹ kà á. Ìbàdàn ṣì ní Ọgbà Agodi àti igbó tó wà nínú IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, tó ju 300 hẹ́kítà lọ, ṣùgbọ́n ta ló lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Akóbọ̀? Freetown, olú ìlú Sierra Leone, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, yan ọ̀gá kan fún ọ̀rọ̀ ooru ní 2021, Eugenia Kargbo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn: ìbòrí lórí ọjà tí àwọn obìnrin ti ń tajà nínú oòrùn. Ọjà tiwa náà nílò rẹ̀, kì í ṣe dandan kó dúró de ìjọba.

OníléAkóbọ̀

Mo dúpẹ́. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni owó ká kí òjò tó dé, èwo ni?

Yàwòrán_Ilé

Ihò afẹ́fẹ́ òrùlé, lónìí: lóòótọ́ ògiri ló gbóná jù, ṣùgbọ́n ihò ló dínwó jù, ìgbà igi ò sì tíì tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀. Oṣù Karùn-ún, kí Bírìkìlà_Gbámú ṣí ilẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ gbin máńgòrò méjì sí iwájú, ọ̀kan sí ọ̀kánkán fèrèsé yàrá kọ̀ọ̀kan, tó fi ẹsẹ̀ bàtà 13 jìnnà sí ògiri. Ọ̀dà di oṣù Kẹwàá.

Fún ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín, ẹ fi oparun àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sí iwájú ògiri yẹn. Ẹ má jẹ́ kó fara kan ògiri, kí àyè tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Imọ̀ tútù wúwo nígbà tí òjò bá rin ín, nítorí náà òpó oparun mẹ́rin kò tó fún ògiri ẹsẹ̀ bàtà 30, ẹ jẹ́ kó pé mẹ́fà, kẹ́ ẹ rì wọ́n wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2.